Ìborùn Màmá Àkànkẹ́

"Zuweira, ka ojú òwú tó wà lórí abẹ́rẹ́ rẹ kí o tó dìde," ni Màmá Àkànkẹ́ wí fún mi láti orí àga wọn nílé wa ní Darkuman, àdúgbò kan ní Accra.

Mo ní mo ti kà á. Irọ́ gbáà ni. Ọ̀rẹ́ mi, Sherifa, ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Àwa àti àwọn ọmọ kíláàsì wa fẹ́ lọ sí etí òkun Lábàdì, ọkàn mi sì ti wọ ọkọ̀ èrò trotro ṣáájú ara mi.

Màmá ni ìyá bàbá mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Accra ni wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun súwẹ́tà ọmọ ọwọ́ tà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń kọ́ mi yìí kì í ṣe títà. Ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi léèsì ni. Ihò wẹ́wẹ́ tí a ń dá sínú rẹ̀ ló ya àwòrán òkè ńlá Ìgbẹ́tì, ìlú wọn, tí èmi kò dé rí. Wọ́n fẹ́ fi bo èjìká lọ́jọ́ tí wọ́n bá padà sílé, wọ́n sì ní èmi ni kí n hun ún, kí òkè náà lè di tèmi pẹ̀lú.

Bí mo ti fẹ́ dìde ni mo rí i pé ojú òwú kan ti bọ́ lára abẹ́rẹ́, ní ṣóńṣó àwòrán òkè náà gan-an. Mo gbé e lọ fi han Sherifa lẹ́nu ọ̀nà.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, so ó pọ̀," ó rọra sọ sí mi létí. "Ta ni yóò rí i?"

Ojú Màmá kò ríran dáadáa mọ́. Mo so ó ní kókó, a sì lọ. Kí n má purọ́, mo gbádùn ọjọ́ yẹn gan-an.

Mo hun ìborùn náà tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá, apá ọ̀tún wọn sì rọ. Ilé ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé àwọn lọ. Olúdáre, àbúrò bàbá mi, ní òun yóò fi ọkọ̀ òun gbé wọn lọ lọ́jọ́ Sátidé.

Láàárọ̀ Jímọ̀ mo fọ ìborùn náà, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo sì fi pínnì fà á fẹ̀ kí ihò rẹ̀ lè là. Kókó náà já. Ojú òwú bẹ̀rẹ̀ sí í tú wálẹ̀ láti ìlà dé ìlà. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìka mi kọjá. Nígbà tó fi máa dúró, òkè Ìgbẹ́tì ti là sí méjì. Mo gbìyànjú láti tún un ṣe títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá mú ọ̀kan, méjì á bọ́. N kò mọ ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà tí mo lè gbé e tọ̀ lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ní Sátidé, Màmá ti jókòó sínú ọkọ̀ kí n tó gbé ìborùn náà fún wọn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, títí ìka wọn fi wọ ibi tó là.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí a lọ sí etí òkun, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wọn kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn tó wà lórí itan.

"Ọwọ́ yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn," wọ́n ní. "Ká ní o sọ fún mi ni, kíá ni ǹ bá mú ojú òwú náà padà sórí abẹ́rẹ́."

Wọ́n ní kí n fi bo èjìká àwọn bẹ́ẹ̀, mo sì fi bò wọ́n. Olúdáre ṣáná sí ọkọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ máa tètè sọ àṣìṣe yín nígbà tí ẹni tó lè bá yín tún un ṣe ṣì lè ṣe é. Èmi kò sọ tèmi, ìborùn tó là ni Màmá mi sì fi bo èjìká wọ ìlú wọn.