Orin Ọkọ̀ Akólẹ̀ Kì Í Tu Bàbá Lai Lára

"Ẹ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, bàbá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà lẹ wí lóṣù tó kọjá."

Báyìí ni Bàbá Lai ń bá nọ́ọ̀sì Hsieh fa ọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn ojú kan nílùú Tainan. Ẹyin ojú rẹ̀ ọ̀tún ti funfun bí ẹfun, wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbóòórùn ilé ìwòsàn báyìí, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lóṣù tó kọjá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ ọgọ́sàn-án. Dókítà ní kó máa lọ sílé.

Iṣẹ́ bàbá yìí kò sì ṣe é fi ojú kan ṣe. Ẹja eléegun wẹ́wẹ́ ló ń tà lọ́jà. Ẹ̀mú kékeré ló fi ń yọ eegun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, eegun tó lé ní igba nínú ẹja kan ṣoṣo. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan tí kò rí há oníbàárà lọ́fun. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Wan-ting, ti ní bí wọn kò bá rí ojú yẹn ṣe, òun á gba ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí n wá máa ṣe kí ni?"

"Kí ẹ máa nu tábìlì."

Bàbá Lai, tó ti ń yọ eegun fún ogójì ọdún!

Nọ́ọ̀sì fi íapíìsì sí i létí. "Orin dùùrù ni, bàbá. Ó rọra ń lọ ni. Á fọkàn yín balẹ̀."

Orin bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pẹ́ títí tí Bàbá Lai fi fò dìde bí ẹni tí agbọ́n ta. Aṣọ ilé ìwòsàn ṣí gbayawu lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Wan-ting! Ọ̀rá dà? Ọ̀rá ìdọ̀tí dà? Wọ́n ti dé o!"

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó rí i mú. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ti di igba ó dín márùn-ún. Dókítà mi orí.

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bàbá. Bí kò bá tún wálẹ̀, ẹ máa lọ fi oṣù mẹ́ta lo oògùn ká tó tún jọ sọ̀rọ̀ abẹ."

Nọ́ọ̀sì Hsieh gbá orí ara rẹ̀. "Yéè! Orin ọkọ̀ akólẹ̀ ni mo fi sí wọn létí! Ilé alájà mẹ́wàá ni mò ń gbé, àwọn kan ló ń bá wa kólẹ̀. Mi ò tiẹ̀ rò ó."

Ọkọ̀ akólẹ̀ Tainan kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Orin dùùrù yẹn ló ń kọ bọ̀. Ẹni tí kò bá sáré gbé ọ̀rá rẹ̀ jáde, òun àti orí ẹja tó ti ń rùn ni wọ́n máa jọ sùn.

"Àṣìṣe mi ni, bàbá," nọ́ọ̀sì wí. "Orin máa ń rọ àyà jíjá lóòótọ́. Èémí á rọlẹ̀, iṣan á dẹ̀. Ṣùgbọ́n orin tí ara yín bá ti mọ̀ mọ́ ìsinmi ni, kì í ṣe èyí tó mọ̀ mọ́ eré sísá. Orin wo ló máa ń mú yín sùn?"

"Kò sí."

"Irọ́ ni!" Ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá já lu ọ̀rọ̀. "Gòjé Kuo ni. Bí Kuo bá ti ń ta gòjé lẹ́yìn ògiri wa lọ́sàn-án, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ìhanrun bàbá yìí."

"Èmi? Ṣe ni mo máa ń dijú kí n má baà gbọ́ ọ!"

"Ojú lẹ fi ń gbọ́rọ̀?"

Ọdún kọkànlá rèé tí Bàbá Lai àti Kuo kò ti kí ara wọn. Kuo ló pariwo láàrin ọjà pé òun bá eegun nínú ẹja Lai. Bàbá Lai ní eyín Kuo ló kán sínú oúnjẹ.

Ìyá Wan-ting gbé fóònù lọ bá Kuo pé kó jẹ́ kí òun gba orin gòjé rẹ̀ sínú fóònù náà. Kuo ní, "Ẹni tó ń fẹ́ ẹ ni kó wá bẹ̀bẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá Lai fi wú bí búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fi ẹ̀mú fa awọ àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó rò pé eegun ni. Ó kígbe, ó sì gbé ẹja náà dání lọ sídìí ògiri.

"Ìwọ ẹja yìí," ó wí sókè, "wọ́n ní ẹnì kan ń ta gòjé ládùúgbò yìí. Kò mọ̀ ọ́n ta tó bẹ́ẹ̀ náà. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ní kí n máa gbọ́ ọ."

Kuo dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri. "Ìwọ gòjé, o gbọ́? Ẹja ń bẹ̀bẹ̀. Ẹlẹ́ja ńkọ́?"

Bàbá Lai sún mọ́ ògiri. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹ̀fọn. "Jọ̀ọ́."

"Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Mo ní jọ̀ọ́! Àbí etí tìrẹ náà ti di ni?"

Kuo bú sẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko ló fi ta gòjé sínú fóònù.

Lójoojúmọ́ ni Bàbá Lai ń jókòó tì í bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ: orin á rọra máa dún, òun á rọra máa mí jáde. Kò sì fo oògùn ìfúnpá rẹ̀. Nígbà tó padà dé ilé ìwòsàn, gòjé náà kò tíì dé ìdajì tí èjìká rẹ̀ fi wálẹ̀. Ìfúnpá rẹ̀ ti di ogóje dín méjì.

"Bàbá, ẹ má sùn o!" dókítà kígbe. "A fẹ́ ṣiṣẹ́!"

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tú báńdéèjì ojú rẹ̀, ó gun àpótí, ó yọjú sí Kuo lórí ògiri, ó sì wò ó dáadáa.

"Háà, Kuo! Bó o ṣe wá darúgbó tó nìyí?"

"O ò tíì wo dígí nìyẹn."

"Má rò pé ìjà wa ti parí o."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́? Aago méjì ni mo máa ta gòjé lọ́la. Tètè wá sùn."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí àyà yín bá ń já nítorí abẹ́rẹ́, ìdánwò tàbí wàhálà iṣẹ́, ẹ wá orin tí ara yín mọ̀ mọ́ ìsinmi. Ẹ má gba orin kan nítorí pé wọ́n ní ó tutù. Èyí tó ń tu ẹlòmíràn lára lè máa lé ẹ̀yin jáde nílé. Ẹ jẹ́ kó rọra dún fún ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í, kí ẹ yé tẹ fóònù. Orin kò rọ́pò oògùn o. Bí àyà jíjá náà bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun kọ̀ tí kò wá, ẹ lọ rí àwọn elétò ìlera. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà ni orin yín wà, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ìjà náà á ṣì wà níbẹ̀ bí ara yín bá yá tán.