Pupa Wo Ni?

Akínjídé gbé imú sún mọ́ àwòrán náà, ó wò ó títí, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà tó ti dé Johannesburg, ọ̀nà kan náà ló ń yà: ọ̀nà tó gba abẹ́ òkè dé ilé ìyá rẹ̀ ní Èkìtì. Ó kún gbogbo ògiri ilé wọn ní Troyeville. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, dókítà sì ti ní kò ní pẹ́ fọ́ pátápátá. Àwòrán yìí ló fẹ́ rí kẹ́yìn. Ojú ọ̀nà nìkan ló kù.

“Jùmọ̀kẹ́, fi pupa kùn ún,” ó ní. “Fara balẹ̀ o.”

Ọlájùmọ̀kẹ́ mọ àwòrán yà, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ Lerato ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń dúró dè é níta, wọ́n fẹ́ lọ wo sinimá ní Fourways. Ó fẹ́ béèrè irú pupa tí bàbá ń wí, ó tún gbé e mì. Bí èèyàn bá bi Dádì ní nǹkan kan nípa Èkìtì, ìtàn ni yóò dà. Ó fún ọ̀dà pupa jáde, ó kùn ún wàràwàrà, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ ṣì wà níwájú àwòrán náà.

“Ta ni wọ́n pa sójú ọ̀nà yìí?” ó bi í.

“Eish, Daddy, you said pupa. Pupa is red.”

“Ìyá rẹ pupa,” ni bàbá fèsì wọ́ọ́rọ́wọ́. “Ṣé àwọ̀ tòmátì ló ní?”

Ìyá rẹ̀, ọmọ Soweto, rẹ́rìn-ín nídìí abọ́ tó ń fọ̀. Ọlájùmọ̀kẹ́ kò lè rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í. Bàbá wá ṣàlàyé pé pupa ilẹ̀ ni òun ń wí, èyí tó máa ń mú ìbọ̀sẹ̀ funfun ọmọ iléèwé, tí ọṣẹ kì í lè fọ̀ kúrò.

Ọlájùmọ̀kẹ́ po ọ̀dà, ó dà á nù, ó tún òmíràn pò. Ó pẹ́ kó tó rí i mú. Láàárọ̀ ọjọ́ tó parí rẹ̀, ó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá yíjú sí i, ó sì yíjú kúrò. Kò rí nǹkan kan mọ́.

“Pupa wo lo fi kùn ún?”

“Èyí tó máa ń mú ìbọ̀sẹ̀, Dádì.”

Ó di ìka bàbá rẹ̀ mú, ó fi tọ ọ̀nà náà láti abẹ́ òkè títí dé ẹnu ilẹ̀kùn.

“Mo ti délé,” ni bàbá wí.

Ọlájùmọ̀kẹ́ sunkún. Ìbéèrè tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í yẹn ló yẹ kí òun ti bi bàbá lọ́jọ́ tó rán an níṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kánjú, ẹ máa béèrè. Ká ní ọmọ yìí béèrè ni, ojú ara rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ì bá fi rí ọ̀nà ilé.