Ọkùnrin Tí Ó Wá Àkókò Nínú Aago

Ọkùnrin kan wà tí ó ń tún aago ṣe. Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì, ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé aago mélòó ló lù, ẹ̀rín ni yóò fi dá ọ lóhùn.

"Mélòó lo fẹ́ kó jẹ́?"

Yóò wá nawọ́ sí ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aago mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, kò sí méjì tó bára mu.

Ó ní òun ti tú aago tí kò lóǹkà, òun kò sì bá àkókò nínú ẹyọ kan. Irin wẹ́wẹ́ lòun ń bá. "Àná ti lọ, kò sí mọ́. Ọ̀la ò tíì dé, òun náà ò sí. Òní ńkọ́? Kó o tó pè é tán, ó ti di àná. Ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀! Kí la wá ń sáré fún?" Nítorí èyí ni àdúgbò ṣe ń pè é ní Má-Kánjú.

Ọ̀rọ̀ náà ń dùn létí gbogbo ènìyàn, àfi létí àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà, aṣọ funfun ìyàwó ló sì ń rán. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí Má-Kánjú ti ṣèlérí láti fẹ́ ẹ, ó ti rán aṣọ ìyàwó mọ́kànlélógójì, kò sì sí tirẹ̀ nínú wọn. Bí ó bá bi í pé, "Ìgbà wo?", Má-Kánjú a fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, a ní, "Ọ̀la ṣì ń bọ̀, olólùfẹ́ mi." Bẹ́ẹ̀ ó sì ní àwọn olólùfẹ́ mìíràn ní òpópónà kejì. Aránṣọ gbọ́. Ó sunkún, ó padà sídìí aṣọ tó ń rán.

Lọ́jọ́ kan, inú rírun dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Aránṣọ rán káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti Má-Kánjú, onígbàgbọ́ kan, pé: "Ẹ sọ fún un kó wá kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá a sọ. Mi ò mọ̀ bóyá a óò tún ríra."

Lọ́jọ́ kejì, Má-Kánjú múra, ó fín lọ́fínńdà, ó gbójú sókè wo ògiri. Ọ̀kan ní aago mẹ́jọ kọjá. Èkejì ní mẹ́wàá ku díẹ̀. Òmíràn ní ọ̀sán ti pọ́n. Ó ń wo ibí, ó ń wo ọ̀hún. Níkẹyìn, ó gba èyí tó ní mẹ́jọ kọjá gbọ́. Aago tó bá wu ọkàn ènìyàn ló máa ń gbà gbọ́. Ó rọra ń rìn lọ.

Nígbà tó dé ọsibítù, aago mẹ́wàá ti kọjá pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

"Ìwọ ni Má-Kánjú?" ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹnu ọ̀nà ló ń wò títí a fi gbé e wọlé."

Ó jókòó, ó dìde. Ó ń ka táìlì ilẹ̀, ó ń ṣì í kà. Káfíńtà, tó ti dé ṣáájú rẹ̀, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò ó.

"Bọ̀dá, wákàtí mélòó la ti lò níbí?"

"Ogún ìṣẹ́jú."

"Irọ́ ni!"

"Ṣebí kò sí àkókò?" Káfíńtà rí ojú rẹ̀, ó ní, "Má bínú, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ n bi ọ́. Bí àná ò bá sí, ìgbà wo lo ṣẹ ọmọ yìí? Bí ọ̀la ò bá sí, kí lo fi ń ṣèlérí fún un lọ́dún mẹ́sàn-án? Ohun tó o mọ̀ pé kò sí lo ń gbé fún ọmọ ọlọ́mọ!"

Má-Kánjú tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka táìlì.

"Ìsinsìnyí nìkan ló kù fún ọ nìyẹn, àbí? Kí ló dé tó ò lò ó rí? Jésù ò fi ọ̀la tàn ọ́. Ó ti kú fún ọ, ó sì ti jí. Àná rẹ tó o ní kò sí, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀, òun ló rù lọ sórí igi àgbélébùú."

"Ẹ jẹ́ kí dókítà jáde ná. Bí ó bá yè, màá gbàgbọ́."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀! Bí kò bá yè ńkọ́? Ṣé dókítà ló máa gé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kúrò ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ gan-an, lójú àwọn èrò, obìnrin tó ń fọ ilẹ̀ sì ń ké pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ṣì tutù o!" Kò gbọ́. "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo tan ọmọbìnrin yìí, mo tan ara mi. N kò ní sọ pé ó di ọ̀la. Gbà mí báyìí." Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni káfíńtà kúnlẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, dókítà kò tíì jáde. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti gbà á.

Aránṣọ yè. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, Má-Kánjú jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ òun lóṣù náà.

Aránṣọ ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ láàárọ̀ ni pé mo dárí jì ọ́, pé kó o máa lọ. Ìdáríjì yẹn ṣì wà. Èyí tó kù, mi ò tíì mọ̀. Mo dúró dè ọ́ lọ́dún mẹ́sàn-án. Dúró dè mí díẹ̀."

Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, Má-Kánjú ṣì ń dúró.

Ìwọ tí ò ń kà á, dídúró dè ọ́ lè sú ènìyàn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Jésù ṣì dúró. Ṣùgbọ́n o kò mọ ìgbà tí wọn yóò pe orúkọ tìrẹ, tí ilẹ̀kùn yóò sì tì. O ní o ṣì kéré, o ní o fẹ́ kọ́kọ́ ṣe báyìí báyìí. Ta ló ṣèlérí ọdún tó ń bọ̀ fún ọ? Má wulẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kó o dìde. Níbi tó o wà yẹn, yálà lórí ìjókòó tàbí lórí ibùsùn, èémí kan wà ní àyà rẹ báyìí. Fi pe Jésù.