Ẹni Tó Ń Júwe Ọ̀nà fún Ọkọ Mi

Èmi tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo wà níbẹ̀. Wọn kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì lá a lálàá. Ara mi dá, ojú mi mọ́lẹ̀, kò sí ohun mímu kankan lẹ́nu èmi àti ọkọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fi í sílẹ̀ fún mi. Èmi ni mo ń bá a gbé.

Awakọ̀ ni ọkọ mi. Ọdún méjìlélógún ló fi wa ọkọ̀ epo nílé, kò sì kọlu ẹnikẹ́ni rí. Adákẹ́-wakọ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé tó bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó di odi nìyẹn. Ní tèmi, Ọlọ́run kò dá ẹnu mi fún ìsinmi.

Nígbà tí a dé ìlú òkèèrè tí a wà yìí, a bá a pé apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ti ń wa ọkọ̀, ọwọ́ ìdarí sì wà lọ́tùn-ún. Apá ọ̀tún ọ̀nà ni tiwa nílé. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ẹni tí kò tíì dán an wò. Ara ọkọ mi ti mọ ọ̀nà kan, orí rẹ̀ sì ń kọ́ òmíràn, àwọn méjèèjì kò gbọ́ra wọn yé. Tó bá fẹ́ yí jíà, ara ilẹ̀kùn ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ. Tó bá fẹ́ tan iná kó lè yà, wáípà ló máa ń tàn, a ó wá máa nu gíláàsì gbígbẹ, kéú, kéú, lábẹ́ oòrùn.

Ni mo bá di ojú kejì fún un. Ẹ rọra. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ti sún mọ́ ògiri jù. Ọdún mọ́kànlá ló fi jù mí lọ, láti ọjọ́ tí a ti mọra ni mo sì ti ń bọ̀wọ̀ fún un. N kò bá a sọ ìwọ rí, bí inú tilẹ̀ ń bí mi. Torí náà, èébú àti ọ̀wọ̀ jọ ń jáde lẹ́nu mi pọ̀ ni. N kò mọ ọkọ̀ wà o. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà náà ló mọ ọ̀nà jù.

Ilé ìfọṣọ kan ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ, òun ń di aṣọ tó ti gbẹ sínú àpò. Ogójì ìṣẹ́jú ni láti ilé wa débẹ̀, a jọ ń lọ ní àárọ̀, a jọ ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ká tó délé, èmi àti ọkọ mi kì í rí ojú ara wa wò mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a dé oríta róbótó tí gbogbo ọkọ̀ máa ń yí po. Mo rí ọkọ̀ kan lókèèrè, mo figbe ta. Ọkọ mi tẹ bíréèkì pì. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo ló kù kí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa kọlù wá. Ọkọ mi wa ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó pa á. Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ó ní, “Ìyàwó mi, tí o bá tún kígbe sí mi létí, èmi ni màá pa wá.”

Ó bẹ̀ mí pé kí n máa jókòó sẹ́yìn, kí n máa wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí n fi iwájú sílẹ̀ fún òun. Mo ní kò burú. Mo ní kò ní gbọ́ ohùn mi mọ́ nínú ọkọ̀ náà. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ jókòó sẹ́yìn lápá òsì, mo pa ẹnu mi dé.

Ọjọ́ yẹn lọ. Ọjọ́ kejì lọ. Nígbà míì mo máa ń fi eyín di ìbọ̀wọ́ mi mú kí ọ̀rọ̀ má bàa yọ́ jáde. Ní ọjọ́ kẹta, a dé ibi iná ojú pópó kan. Iná náà fún wa láyè. Ọkọ mi ti fẹ́ lọ, ló bá dúró lójijì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan sá kọjá níwájú wa bí ìjì, kò tilẹ̀ wo iná. Ọkọ̀ wa mì.

Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó ní, “O ṣeun.”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo tún fi eyín di ìbọ̀wọ́ mi mú.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi ti ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sí ìlú náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń bá jíà. Wáípà dákẹ́. Á máa lọ, á kàn mi orí díẹ̀, á ní, “Mo ti rí i.” Á tún lọ díẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Mo ní ọkọ mi ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú ń bí mi pé ó mọ ọkọ̀ wà tó báyìí láìsí èmi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a wà nílé ìdáná. Mo ń fọ ife, ó ń nù ún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun mọ̀ pé kò rọrùn fún mi, ṣùgbọ́n ohùn mi ti tutù, ó ń wọ òun létí dáadáa, òun kò sì bẹ̀rù ọ̀nà mọ́. Lẹ́yìn náà ó wolẹ̀.

Ó ní, “Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Dúró. Yà. Rọra. O kì í bọ̀wọ̀ fún mi mọ́ nínú ọkọ̀.”

Mo gbé ife tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀.

Mo ní, “N kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ Ajé.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wò mí. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó sọ fún mi pé ohùn mi ni, kì í ṣe ohùn tó jọ tèmi. Ó ní òun ń gbọ́ èémí rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní ó máa ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, bí èmi náà ti máa ń rùn tí a bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mo bi í pé ibo ni ohùn náà ti ń wá. Ó ní ẹ̀yìn òun gan-an.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an kọ́ ni mo máa ń jókòó sí. Òsì ni èmi wà. Ọ̀tún ni ìjókòó rẹ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń sọ.

N kò fẹ́ wọ ọkọ̀ náà mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ta ló lè pe ẹni tó ń yọ òun lọ́wọ́ ikú ní ọ̀tá. Ó rán mi létí ọkọ̀ akẹ́rù yẹn. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo bi mẹkáníìkì tó ta ọkọ̀ náà fún wa bóyá nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ rí. Ó ní rárá, ó bi mí bóyá ìdọ̀tí ni mo rí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo gbé àpò mi sórí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí ibẹ̀ má bàa ṣófo. Mo wo ìta fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo yíjú padà, àpò náà wà nílẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, wọ́n rọra gbé e síbẹ̀ ni. Kò já bọ́.

Ọjọ́ kejì ni kùrukùru bo ìlú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a kúrò níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n o kò lè rí ọwọ́ ara rẹ tí o bá nà án. Gbogbo ìta funfun. Gbogbo ìta dákẹ́. Táyà wa nìkan ni mo ń gbọ́ lórí ọ̀nà tútù. A dé ibi ògiri gígùn kan, lápá ọ̀tún. Mo mọ ògiri náà dáadáa. Ojoojúmọ́ là ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀.

Ọkọ mi tan iná láti yà. Ọ̀tún. Iná náà ń ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ ìdarí.

Mo gbàgbé ẹ̀jẹ́ mi. Mo gbàgbé ohun gbogbo.

“Má yà!”

Ọkọ̀ rọra dúró. Ọkọ mi kò bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tó wà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ jẹ́ jẹ́jẹ́.

Ó ní, “Èwo nínú yín ni kí n gbọ́?”

Mo gbọ́ iná náà, kẹ́, kẹ́. Lẹ́yìn náà ó pa á. Ó tọ́ ọwọ́ ìdarí, ó lọ tààrà.

Ó pa ọkọ̀ níwájú ilé, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ní àwọn méjì ló sọ̀rọ̀ sí òun létí lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn kan náà. Ọ̀kan ní kí òun yà. Ọ̀kan ní kí òun má yà. Ó ní èyí tó ní kí òun yà bọ̀wọ̀ fún òun. Ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, báyìí ló wí. Òun wá mọ̀ pé ìyàwó òun nìyẹn, pé ìyàwó òun ló ṣìnà nínú kùrukùru. Èyí tó ní má yà ni ẹni tó ti ń gba òun là láti ọjọ́ yìí. Tirẹ̀ ni òun gbọ́.

Mo ní, “Èmi ni mo sọ pé má yà.”

Ó wá yíjú padà. Ó wò mí pẹ́. Ó wo bàtà mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi.

Ó ní, “Ta wá ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀?”

Nígbà tí kùrukùru ká lọ́jọ́ kejì, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ògiri náà. Koríko tútù ló wà láàárín títì ọlọ́dà àti ògiri. Ipa ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Ó yà kúrò lórí ọ̀dà ní ibi tí a ti dúró gan-an, ó gba orí koríko kọjá, ó dé ìdí ògiri. Táyà ẹ̀yìn wa kan ti gé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń tẹ ilẹ̀ bí eyín tó ká. Mo rí ibi tó tẹ̀ sí. Mo fi ọwọ́ kàn án. Ògiri náà kò fọ́, kò bó, kò ní ìdọ̀tí kankan. Kò sì sí ipa ọkọ̀ tó padà sẹ́yìn.

Àwa kò yà. Mo wà nínú ọkọ̀ náà. A kò yà.

Ó yẹ kí n pa á mọ́ra. Àárẹ̀ ló mú mi, mo sọ ohun tí mo rí fún ọkọ mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló ta ọkọ̀ náà. Bọ́ọ̀sì méjì là ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí. A ò jà mọ́. Ọkọ mi kò bínú sí mi, kò sì lé mi. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, ó rí mi létí ibùsùn, ó ní, “Ẹ kàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Mo wẹ̀yìn bóyá àlejò kan ti wọlé ni. Èmi ló ń kí. Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣeun. Ẹ má ṣe ìyọnu. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílé.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, á wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, á wọ bọ́ọ̀sì, á lọ dúró níbi ògiri náà. Mo tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró lókèèrè. Ó fi ọwọ́ lé ògiri, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, á dákẹ́ díẹ̀, á tún sọ̀rọ̀. Ní àkókò kan, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo padà sílé kó tó rí mi.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó dé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sídìí tábìlì. Oyún kan wà tí mo ní ní ọdún kejì tí a ṣègbéyàwó. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi bọ́. Mo ti yan orúkọ fún un nínú ọkàn mi. N kò sọ ọ́ fún ìyá mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi. N kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. N kò pè é sókè rí, àní nígbà tí mo dá wà.

Ọkọ mi pe orúkọ náà. Ó pè é dáadáa, ó fi ohùn sí i bí èmi ti ń fi sí i nínú ọkàn mi.

Ó ní, “Ìyàwó mi ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ̀ ọ́n.”

Mo ní, “Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo yàn án.”

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Àánú mi wà lójú rẹ̀.

Ó ní, “Ó ti sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa wí.”