Orúkọ Wà Lára Ògiri, Ènìyàn Ò Sí Nídìí Ààrò

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Fọwọ́ẹ láàárọ̀ kùtù, kó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀, kó sì lọ di ṣíbí ìdáná mú. Kí tọ̀hún tó ní ẹ káàárọ̀, obìnrin náà á ti ní, "Fọ ọwọ́ ẹ ná!" Bí àwọn alásè ilé ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ọkọ rẹ̀ pàápàá ló fi ń pè é.

Òun ni alábòójútó ààbò oúnjẹ níbẹ̀. Kò rí ipò náà he. Ó jókòó ní kíláàsì láàárín àwọn tó lè bí lọ́mọ, ó kọ́ bí oúnjẹ ṣe ń di májèlé láìpa àwọ̀ dà, ó ṣe ìdánwò, ó fìdí rẹmi, ó tún un ṣe, ó yege. Láti ọjọ́ tó ti gba ìwé ẹ̀rí, kò sí ọmọ ilé ìwé náà tí inú run nítorí oúnjẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó dúró níwájú fìríìjì ńlá, ó ń wò ó bóyá ó tutù dáadáa, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Bàbá rẹ̀ ni. Bàbá tó máa ń pariwo sínú fóònù bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá.

"Ọmọ mi, inú ń lọ́ mi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo fi ṣe yàrá láti òru. Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ gbé mi mọ́."

"Kí lẹ jẹ, Bàbá?"

"Kí ni mo tún fẹ́ jẹ? Ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìẹ lọ́dọ̀ àbúrò ẹ ni. Èmi àti káfíńtà ọ̀rẹ́ mi la jọ jẹun lánàá. Òun náà ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù."

Fọwọ́ẹ pa ilẹ̀kùn fìríìjì dé. Ó ní kí bàbá po iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tó mọ́, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kó má sì gbé oògùn kankan mì láti fi dá ìgbẹ́ náà dúró.

"Mò ń pe aládùúgbò yín kó wá gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Kó gbé káfíńtà náà."

"Ilé ìwòsàn kẹ̀? Torí inú rírun lásán?"

"Bàbá, omi tó bá gbẹ lára àgbà kì í tètè padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi jiyàn."

Ó fa iṣẹ́ lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ takisí lọ sí ilé oúnjẹ àbúrò rẹ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tí ọkàn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣẹjọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ayáwọ́ nítorí bó ṣe máa ń yára gbé oúnjẹ síwájú oníbàárà, fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀, ìjọba ní àfi kí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ààbò oúnjẹ máa bójú tó ibẹ̀. Ayáwọ́ ò ní in. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n gbé ti yín kọ́ ná. Tí n bá ti ráyè, màá lọ ṣe tèmi." Fọwọ́ẹ kọ́kọ́ kọ̀. Bàbá wọn ló dá sí i, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí ìwé ṣe dé ara ògiri nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Àyè tí Ayáwọ́ ń wá láti lọ ṣe tirẹ̀ kò yọ mọ́. Fọwọ́ẹ náà kì í kọjá yàrá ìjẹun. Ó máa ń jẹun níbẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń lọ. Kò wọ ilé ìdáná rí.

Ọjọ́ náà, ó wọ̀ ọ́.

Ìkòkò kan tó ga dé ìbàdí rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọmọrí rẹ̀ dé pinpin. Ẹran adìẹ tútù wà lórí pákó, ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé e ni wọ́n sì tún fi ń gé tòmátì. Fọwọ́ẹ ṣí ìkòkò, ó yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń wọn ooru oúnjẹ nínú báàgì rẹ̀, ó tì í bọ àárín ọbẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́.

"Ìgbà wo lẹ se ọbẹ̀ yìí?"

Alásè wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kó tó dáhùn. "Ìrọ̀lẹ́ ìjẹta ni, mà."

"Ilẹ̀ níbí ló sì ń sùn?"

"Kò lè wọ fìríìjì, mà. Ìkòkò náà ti tóbi jù."

"Ẹ wá gbé e kaná láàárọ̀?"

"A kàn yá a lórí iná díẹ̀ ni, kó má baà jóná nídìí."

Ayáwọ́ wọlé, tówẹ́ẹ̀lì lórí èjìká. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ẹ tọ́ ọ wò. Kò kan rárá."

"Bàbá àti káfíńtà tí wọ́n jẹ ẹ́ lánàá ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ta ló sọ fún ẹ pé ó dìgbà tó bá kan? Èyí tó kan, imú á sọ fún ẹ. Èyí tó ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ lè má rùn rárá. Ìkòkò tó tóbi báyìí, etí ẹ̀ á tutù, àárín ẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ mọ́jú, ibẹ̀ gan-an làwọn kòkòrò tójú ò rí ti ń bí sí i. Ńṣe ló yẹ kẹ́ ẹ bù ú sínú àwọn abọ́ pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ gbé e sínú omi yìnyín, kẹ́ ẹ máa rò ó títí táá fi tutù, kó tó wọ fìríìjì kíákíá. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lò ó, kó hó yaya dé ìsàlẹ̀. Kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn yá a lórí iná."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ fún mi látọjọ́ yìí?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni. Fọwọ́ẹ yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí sélífù tí wọ́n kọ 'kúlà oúnjẹ' sí lára. Ó ṣófo.

"Kúlà dà?"

"Ó ti lọ sí ilé iṣẹ́ aránṣọ," ni alásè wí. "Oúnjẹ ọ̀sán wọn."

"Láti inú ìkòkò yìí?"

Alásè mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà wà lára káńtà. Fọwọ́ẹ gbé fóònù ilé oúnjẹ náà, Ayáwọ́ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Iṣẹ́ wọn ló gbé ilé oúnjẹ yìí dúró. Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, ó parí nìyẹn. Ó lè jẹ́ nǹkan míì ni Bàbá jẹ."

"Káfíńtà náà jẹ nǹkan míì?"

"Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ká wò ó."

"Aboyún wà láàárín àwọn aránṣọ yẹn. Kí la fẹ́ dúró wò lára wọn? Fi mí sílẹ̀!"

Kò fi í sílẹ̀. Fóònù Fọwọ́ẹ fúnra rẹ̀ ló dún tó dá ìjà náà dúró. Aládùúgbò ló ń pè: bàbá ti dákú bí wọ́n ṣe ń gbé e wọ mọ́tò, káfíńtà ò sì dá wọn lóhùn mọ́ tí wọ́n bá pè é. Ayáwọ́ gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ aránṣọ. Nígbà tí wọ́n gbé e, ó nà án sí Fọwọ́ẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba fóònù.

"Mà, oúnjẹ tá a gbé wá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́."

"Wọ́n ti ń bù ú," ni ọ̀gá àwọn aránṣọ wí.

"Ẹ pariwo, mà! Ẹ ní kí wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀!"

Wọ́n gbọ́ ọ nínú fóònù bó ṣe ń pàtẹ́wọ́, bó ṣe ń kígbe, bí àga ṣe ń wọ́ nílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. "Àwọn kan ti bu díẹ̀ sẹ́nu."

"Ẹ mọ̀ wọ́n dunjú. Tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọn, ilé ìwòsàn ni, ẹ má dúró. Ẹ má sì da oúnjẹ náà nù. Ẹ dé e, ẹ gbé e sọ́tọ̀, wọ́n á fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọn ò tíì lé àwọn oníbàárà iwájú tán tí wolé-wolé fi dé. Ilé ìwòsàn ló pè é, nítorí kì í ṣe bàbá àti káfíńtà nìkan ló ti débẹ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó wo ìkòkò, ó wo pákó, ó wá gbójú sókè wo férémù aláwọ̀ wúrà.

"Ta ló ni orúkọ yìí?"

Ayáwọ́ sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí: "Ẹ ṣá ti sọ pé ẹ wà níbí níjẹta. Ẹ ní ara yín ò yá, lẹ bá tètè lọ. Wọ́n á fi yín sílẹ̀."

"Èmi ni mo ni ín," ni Fọwọ́ẹ wí.

"Ẹ̀yin lẹ bójú tó oúnjẹ tí wọ́n sè níjẹta?"

Omi ń kán látinú ẹ̀rọ sínú báàfù. Iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀, gbogbo àárọ̀ tó fi jókòó ní kíláàsì yẹn wá síwájú rẹ̀.

"Rárá, mà. Mi ò bójú tó oúnjẹ kankan níbí rí. Orúkọ mi ni mo yá wọn."

Wolé-wolé ò pariwo. "Ẹni tí ò kọ́ ọ, a lè ní kò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀. Ìwé yìí kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń gbé kọ́ sókè kí àrùn má wọlé. Ẹni tó kọ́ ọ ló yẹ kó wà nídìí ààrò, kó máa wò, kó máa béèrè, kó máa dá wọn dúró."

Ó yọ férémù náà lára ògiri, ó sì ti ilé oúnjẹ náà pa.

Àwọn aránṣọ tó bu díẹ̀ sẹ́nu ṣàìsàn, ara wọn sì yá. Bàbá pẹ́ nílé ìwòsàn kó tó fi ọ̀pá rìn jáde. Káfíńtà ò jáde. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ ò lè ru àfikún. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ rẹ̀ jà. Ohun tó ń sọ ṣáá ni pé, "Èmi ni mo ní kó wá jẹun lọ́dọ̀ ọmọ mi."

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lọ sọ́dọ̀ ìyàwó olóògbé. Wọ́n kúnlẹ̀, obìnrin náà ní kí wọ́n dìde, ó fún wọn ní àga.

"Nígbà tó dé lọ́jọ́ náà, ó ní ọbẹ̀ yẹn dùn. Ó ní lọ́jọ́ kan òun á mú mi lọ síbẹ̀."

Kò sí ẹni tó lè gbé orí sókè nínú wọn.

Ilé ẹjọ́ dá àwọn méjèèjì lẹ́bi. Ilé ìwé lé Fọwọ́ẹ, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un ìgbà tí wọ́n á tún jẹ́ kó jókòó ìdánwò. Ayáwọ́ ti wọ kíláàsì. Ó fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́, ó sì ti tún padà lọ. Nílé ìdáná tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, abẹ́ ẹlòmíì ló wà, kì í sì í bínú tí wọ́n bá ní kó da ìkòkò nù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé oúnjẹ, ẹ lọ kọ́ ọ fúnra yín, tàbí kẹ́ ẹ gba ẹni tó kọ́ ọ, táá sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí iná bá ń jó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yege, ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní orúkọ yín, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín, ì báà jẹ́ bàbá yín ló bẹ̀ yín. Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rà á jẹ, ẹ má wo férémù kẹ́ ẹ sì jókòó. Ẹ béèrè pé ta ló wà nínú ilé ìdáná lónìí. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó ń sè é bó ṣe yẹ á dá yín lóhùn. Ẹni tó bá bínú sí yín, ẹ dìde, kẹ́ ẹ wá ibòmíì jẹun.