Roqeebah Á Kọ́kọ́ Lọ sí Choba

Nǹkan mẹ́ta ni Làmídì bà jẹ́ níbi ìpàdé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Rumuokoro lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ó fi Roqeebah, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún, fún Afeez, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, láìbi ọmọ náà léèrè. Ó dá ìgbéyàwó sí oṣù Iléyá, oṣù tí yunifásítì ní Choba fẹ́ gbà á wọlé. Ó sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀, Ganiyat, gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ganiyat kò pariwo. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ yà sílé wá jẹun, ó gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, ó sì pe Nọ́ọ̀sì Belema tí wọ́n jọ ń gbé ilé, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́.

Làmídì ṣàlàyé pé Pijin ni Roqeebah fi ń kí ìyá òun àgbà. Ilé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ló lè tún ahọ́n rẹ̀ ṣe. Bí ó bá sì pẹ́ níléèwé, ìgbà ọmọ bíbí yóò ré e kọjá.

Belema bú sẹ́rìn-ín. "Alájì, abeg, ṣé ilé ọkọ ni wọ́n ti ń kọ́ Yorùbá báyìí?"

Làmídì fẹ́ fajú ro, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá là á yé e pé ọmọbìnrin tó bá kàwé sábà máa ń bímọ nígbà tí ara rẹ̀ ti dàgbà tó, tí ojú rẹ̀ sì ti là. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lòun nígbà tí òun bí àkọ́bí òun; ìbejì ni.

"Oyún Roqeebah ló mú mi kúrò níléèwé," ni Ganiyat wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rọbí. Ẹ̀yin lẹ sunkún lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn fi ń rẹ̀ yín lẹ́kún bí ọmọdé."

Làmídì fi ṣíbí sílẹ̀. Ó ní òun kò gbàgbé.

Roqeebah yọjú láti yàrá. "Bàbá mi, mo máa bímọ. Ẹ jẹ́ n kàwé ná."

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọbìnrin yín kí ẹ tó fi í fọ́kọ. Ẹ jẹ́ kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìwé kì í ti ilẹ̀kùn ọmọ bíbí. Ó ń jẹ́ kí ìyá lè gba ibẹ̀ kọjá láyọ̀ ni.

Ganiyat gbé fìlà ọkọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Bàbá Afeez kò tíì kúrò ní ìpàdé. Ẹ dìde, Bàbá Roqeebah. Ẹ lọ sọ fún un lójú gbogbo wọn pé ẹ gba ọ̀rọ̀ yín padà."