Akunlé Gbé Kẹrosíìnì Lọ Fọ Kókó Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí bó ṣe ń sáré rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ìgò kẹrosíìnì lọ́wọ́ ọ̀tún, àkísà lọ́wọ́ òsì. Akunlé ni. Ó ti ń kunlé láti ọdún méjìlélógún, inú sì ń bí i burúkú.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n gé kókó kan jáde nínú ikùn ìyàwó rẹ̀. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ní ó jọ kókó iṣan lásán, irú tí wọ́n bá ti gé, ó parí. Ó ní kí wọ́n ṣáà dúró gba èsì. Àfi bí akunlé ṣe gbọ́ láàárọ̀ yìí pé yàrá àyẹ̀wò ń kun kókó náà.

"Kun kí ni?" ó pariwo. "Ṣé ilé ni?"

"Bàbá Ìbejì, ẹ rọra," ìyàwó rẹ̀ wí látorí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn."

"Ìyá Ìbejì, o ò mọ nǹkan kan. Iṣẹ́ mi nìyí! Ẹni tó bá ń kun nǹkan, ó ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Mélòó ni ògiri tó lanu tí mo ti fi ọ̀dà bò, tí onílé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Mo máa gba kókó yẹn, mo máa fọ̀ ọ́, mo máa sọ ọ́ nù, a ó sì máa lọ sílé wa."

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú abẹ ò jẹ́.

Àgbà obìnrin kan ni dókítà tó bá ní yàrá àyẹ̀wò. Ó wo ìgò, ó wo àkísà.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Kí lẹ fẹ́ fi kẹrosíìnì ṣe?"

"Mo fẹ́ fi fọ ọ̀dà tẹ́ ẹ fi bo kókó ìyàwó mi ni, dókítà."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, bàbá?"

"Mo ń kunlé."

"Ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá. Tẹ́ ẹ bá kun ọ̀dà sára ògiri tó ti mumi, ṣé ó máa dì í mú?"

"Láéláé! Á máa ṣí ni."

"Tó bá wá ṣí, kí lẹ máa mọ̀?"

"Pé omi wà nínú ògiri yẹn."

"Ó tán. Ẹ ò wó ògiri, ẹ ti mọ inú ẹ̀. Bí aró tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Kì í bo nǹkan, àṣírí ló ń tú. Èròjà ara kan tí à ń pè ní purotéènì wà nínú iṣan ikùn, iṣan tó ń ti oúnjẹ lọ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wa. Ibi tí aró yìí bá ti rí i, á dì mọ́ ọn, ibẹ̀ á dúdú bíi kọfí. Ibi tí kò bá sí, aró ò ní dúró."

Ó ní kó fojú sí awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Akunlé wò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ògiri ikùn dúdú bíi kọfí. Kókó fúnra rẹ̀ ò gba nǹkan kan.

"Ẹ ò kùn ún dáadáa," akunlé wí, ojú ẹ̀ ò kúrò lórí awò. "Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kan kì í tó."

"Bàbá! Aró kan náà, ọjọ́ kan náà. Ògiri ikùn gbà á, kókó kọ̀ ọ́. Ó jọ pé kókó yìí kì í ṣe ti iṣan bá a ṣe rò. A máa fi aró mìíràn dán an wò, torí oògùn ẹ̀ lè yàtọ̀."

Akunlé gbójú kúrò lórí awò. "Tí mo bá ti gbà á sọ nù ńkọ́?"

"Ẹ ò bá mú ìyàwó yín relé tayọ̀tayọ̀. Kókó yẹn lè padà wá, kó bá a lójijì."

Ẹ̀rù bà á débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di kẹrosíìnì mọ́ àyà.

Ọjọ́ kẹrin, aró kejì dì mọ́ kókó náà gbágbáágbá. Irú tó lè padà wá ni, àmọ́ ó ní oògùn oníhóró tirẹ̀. Ìyá Ìbejì ń lò ó lójoojúmọ́, kì í sì í pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ. Ọkọ rẹ̀ ló ń bu omi fún un.

Ẹ̀yin ará, tí wọ́n bá gé kókó lára ẹni yín, ẹ má ṣe sọ pé ó parí. Kókó méjì lè jọra lójú, kí oògùn wọn má jọra. Ẹ bi dókítà pé, "Ṣé ó ti dé yàrá àyẹ̀wò? Èsì ẹ̀ dà?" Ẹ má gbà á sọ nù, ẹ má gbà á sin. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró kí wọ́n kùn ún, ẹ dúró. Ẹ bèèrè ohun tí kò bá yé yín, abéèrè kì í ṣìnà. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni akunlé dúró, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé.